Àgádágodo Pupa ti Màgásìn Ouando

Ajé, 27 oṣù Kẹwàá, 1975

Wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n mi lọ. Bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, màá jáde lọ bá ẹnìkan jà ní àdúgbò Dowa yìí, mi ò sì mọ ẹni tí yóò jẹ́.

Láàárọ̀ ni Safouratou dé màgásìn tí gbogbo wa ń kó ọjà sí ní Ouando. Ó ṣí yàrá tirẹ̀, ó bá a lófìfo. Gbogbo aṣọ tó kó pamọ́ de ọjà ọdún ti lọ, kò ku ẹyọ kan. Àgádágodo rẹ̀ wà níbi tó wà, ó sì wà ní títì. Wọn kò fi irin ha ilẹ̀kùn, wọn kò ṣí páànù òrùlé. Safouratou kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo dì í mú, èmi náà ń sunkún, kí n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ibi tó lọ ni pé bí ẹnikẹ́ni kò bá já àgádágodo, a jẹ́ pé ọlọ́dẹ mọ̀ sí i. Ọláìtán, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ni ọlọ́dẹ. Kámáràdì Ọlágúnjú, ààrẹ kòmítè ọjà wa, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, pẹ̀lú ìka tó nà sókè bí ìgbà tó ṣì ń kọ́ ọmọ níwèé. Safouratou tutọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, "Mi ò jí nǹkan kan" nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ òmíràn, ó sì gbójú kúrò.

Ta ló ní kó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ Àbámẹ́ta? Ọlágúnjú kan náà ni! Ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ kòmítè gbọ́dọ̀ wá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí wọ́n máa pariwo "Ehuzu! Dandan!", pé ayé ti yí padà dandan, fún ọdún kẹta Refolusíọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ta ni yóò wá ṣọ́ màgásìn?" Ó dáhùn pé, "Àgádágodo ni yóò ṣọ́ ọ." Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Lónìí ẹnu rẹ̀ kò rántí mọ́.

Ìṣẹ́gun, 28

Òjò láti àárọ̀. Mo gbé ẹ̀kọ àti ẹja lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n gba oúnjẹ, wọn kò jẹ́ kí n rí ẹni tí mo gbé e fún.

Ẹtì, 31

Mi ò ta òwú ìránṣọ kan lónìí. Àwọn aránṣọ tó máa ń kí mi láti òkèèrè ń gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá bí ẹni tí ń gba ẹ̀gbẹ́ kòtò. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé, "Àbúrò olè yẹn nìyẹn." Mo pè é padà. Mo ní kó wá sọ ọ́ ní ojú mi. Kò wá.

Mo rántí àgádágodo bàbá mi lónìí, èyí tó wúwo tó òkúta ìlọta. Òun ni mo fi ń ti yàrá mi títí di oṣù Kẹrin, tí kòmítè ní kí gbogbo wa yọ ti ara wa kúrò. Wọ́n ní kò sí olówó, kò sí tálákà mọ́, ohun tí a fi ń ti ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ọlágúnjú fúnra rẹ̀ lọ rà wọ́n wá lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Kútọnù: páálí kan, gbogbo wọn pupa fòò, nọ́ńbà lára kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó pín wọn bí ẹni tí ń pín ẹ̀bùn ní òpin ọdún iléèwé. A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́!

Ajé, 3 oṣù Kọkànlá

Ẹ gbà mí.

Lánàá, ìpín àwa obìnrin ni láti fọ ilé ìjọsìn lẹ́yìn ìsìn. A bọ́ sùtánà wa, a fi wọ́n kọ́ ara ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, a ká ìró sókè, a fọ ilẹ̀. Bí a ṣe parí ni òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, oníkálukú já sùtánà kan gbà, a sáré. Funfun ni gbogbo wọn, ta ló ń wo ti ta ni? Inú àpò sùtánà ni mo máa ń so kọ́kọ́rọ́ mi mọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Láàárọ̀ yìí mo tú u níbẹ̀, mo lọ sí Ouando, mo ṣí yàrá mi, mo gbé ọjà mi jáde. Nírọ̀lẹ́ mo kó o wọlé, mo tì í.

Mo wá délé, mo fẹ́ fọ sùtánà, mo rí i tí iná àbẹ́là ti jó o lápá. Tèmi kò jó. Ti Odile tó ń ta bàsíà ló jó, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jó o. Mo yára wo kọ́kọ́rọ́ náà. Nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà mi.

Kọ́kọ́rọ́ Odile ni mo fi ṣí ilẹ̀kùn mi. Òun náà ni mo fi tì í.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo lọ ká Odile mọ́lé kí ó tó bọ́jú. Mo ní, "Odile, kọ́kọ́rọ́ ta ni o fi ṣí yàrá rẹ lánàá?"

Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ mi ni. Kí ló dé?"

Mo ní kó mú u wá. Tèmi ni! Ó jókòó lórí bàsíà tó dojú dé.

A jọ lọ sí màgásìn nígbà tí ọjà kò tíì kún. Odile dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń de alábàárù. Mo fi kọ́kọ́rọ́ mi sí ilẹ̀kùn Odile, ó ṣí. Ti Safouratou, ó ṣí. Ti Adjaratou oníyọ̀, ó ṣí. Mo fi sí yàrá kòmítè fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó àsíá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí, ó ṣí gbayawu. Bí àgádágodo kọ̀ọ̀kan ṣe ń dún "kẹ́" bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ mi ń hó. Ilẹ̀kùn tó kàn dà bí pé ó tì la ń wò láti oṣù Kẹrin! Ẹnikẹ́ni tó ní kọ́kọ́rọ́ àgádágodo pupa kan ló ní gbogbo ọjà wa, ẹ̀gbọ́n mi sì wà látìmọ́lé.

Mo fẹ́ figbe ta níbẹ̀. Odile fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ó ní, "Honorine, rọra. Tí o bá pariwo ẹ̀ báyìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo olè láti ibí dé Misérété á ti gbọ́. Ọjà wa ń kọ́? Ọjà tìẹ náà ń kọ́?"

Mo bínú sí i nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́rú, 5

Mo lọ bá Ọlágúnjú ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn kí n tó sọ̀rọ̀. Mo kí i dáadáa, mo pè é ní Kámáràdì Ààrẹ, mo gbé kọ́kọ́rọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. Mo ní kí ó fi ọ̀kan ṣí yàrá kòmítè. Ó dìde, ó lọ, ó ṣí i. Ó padà wá jókòó, ó yọ áńkáṣíìfù nu ojú.

Ó ní, "Ha! Ìyá Kẹ́mi! Ta ni ìbá rò ó? O ti gbà wá là."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ o, sà?"

Ó ní, "Wọ́n á tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ àgádágodo. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Má sọ fún ẹ̀dá alààyè, nítorí ọjà àwọn obìnrin."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pàápàá.

Ẹtì, 14

Ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá. Àgádágodo pupa ṣì wà lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn. Wọ́n ní Ọlágúnjú wà ní sẹmínẹ́à ní Kútọnù.

Wọ́n jẹ́ kí n rí ẹ̀gbọ́n mi lónìí. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hu, kò sì béèrè ara rẹ̀ rárá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé ọjà rẹ ṣì wà ní màgásìn?"

Mo ní, "Ó wà ńbẹ̀. Níbo ni ẹ fẹ́ kó wà?"

Ó ní, "Kó ọjà rẹ lọ sílé."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ ti bí ẹ ṣe máa jáde. Kí ló kan ọjà mi?"

Ó tún ní, "Honorine, kó o lọ sílé." Ọlọ́pàá ní àkókò tó. Mo rò pé ibà ti wọ̀ ọ́ lórí.

Àbámẹ́ta, 22

Ọlágúnjú dé. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀ níbi tó ti ń fọ mọ́tò. Mo ní, "Sà, ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan." Ó ní owó kòmítè kò tíì jáde. Mo ní kí ó kọ ìlà méjì sí ọlọ́pàá pé ilẹ̀kùn náà kò ní ààbò, ìyẹn kò gba owó. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ju kànìnkànìn sínú omi.

Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó bá ń ba iṣẹ́ Refolusíọ̀n jẹ́? Sabotéè. Bí o bá la ẹnu rẹ, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé báwo ni o ṣe mọ̀. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ìdílé kan ṣoṣo tó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Lọ rò ó."

Mo ti rò ó láti ọ̀sán. Ohun tí mo rò ni pé mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yìí. Orúnkún mi ń yún mi.

Àìkú, 30

Rédíò ní a kì í ṣe Dahomey mọ́. Bénin ni wá láti òní lọ. Àwọn èèyàn ń jó ní títì.

Ó dára. Wọ́n pààrọ̀ orúkọ orílẹ̀-èdè láàárín àárọ̀ kan. Àgádágodo ni wọn kò rí pààrọ̀!

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ń là. Ọlọ́pàá kan tó máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi ṣàánú mi, ó sọ fún mi pé ní Ẹtì ni wọ́n máa gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ẹ̀wọ̀n Kútọnù. Ó ní, "Màmá, tó bá ti débẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá rántí rẹ̀."

Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò ní dákẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọjà àwọn obìnrin ń kọ́? Adjaratou gbé gbogbo ohun tó ní sí màgásìn yẹn. Bí mo bá gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, tí olè kó ti Adjaratou, kí ni mo ṣe? Mo jókòó ti iná, mo ń bínú sí gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wá sí mi lọ́kàn: kó o lọ sílé. Mo wọ bàtà, mo lọ kan ilẹ̀kùn Odile.

Ọjọ́rú, 3

Èmi àti Odile sọ fún gbogbo èèyàn pé eku ti wọ màgásìn. Ọlọ́run foríjì wá. Odile mọ irọ́ pa, àṣé! Ó mú àlòkù aṣọ kan tó fúnra rẹ̀ fi abẹ́ ya, ó ń fi hàn káàkiri: "Ẹ wo eyín wọn! Ẹ wo eyín wọn!" Ó ní kòmítè máa fi oògùn sí gbogbo yàrá, kí oníkálukú kó ọjà rẹ̀ jáde. Adjaratou kó iyọ̀ tirẹ̀ náà. Mo ní, "Ṣé eku ń jẹ iyọ̀ ni?" Ó ní òun ò mọ irú eku tó wà nínú Refolusíọ̀n yìí. Kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ, ó bọ̀. Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, gbogbo yàrá ti ṣófo, àwọn àgádágodo pupa sì ń ṣọ́ afẹ́fẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ìpàdé wáyé níwájú màgásìn. Ọlágúnjú sọ̀rọ̀ lórí orúkọ tuntun orílẹ̀-èdè wa títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Ó wá béèrè bóyá kámáràdì kan ní ọ̀rọ̀. Mo dìde. Mo rí i tó ń wá ẹlòmíràn tí yóò pè.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi jalè nítorí pé àgádágodo Safouratou kò já. Ẹ dákun, ẹ tú kọ́kọ́rọ́ yín." Odile ń gbé bàsíà kan káàkiri, òun ló kọ́kọ́ ju tirẹ̀ sínú rẹ̀. Mo ju tèmi. Àwọn tó kù ń wo ara wọn. Ọlágúnjú ní, "Jókòó! Ìpàdé ti parí!" Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n máa tú u. Bí ó bá ní kí wọ́n jù ú ni, wọn kì bá tí jù ú.

Mo fi ọwọ́ rò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń ro ẹ̀wà. Mo ní, "Ẹ mú èyí tó bá wu yín. Ẹ má wo nọ́ńbà. Ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn yín."

Wọ́n lọ. Wọ́n dúró síwájú ilẹ̀kùn wọn. Mo gbọ́ "kẹ́" kan, mo gbọ́ òmíràn, lẹ́yìn náà mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn màgásìn Ouando ló ṣí. Adjaratou ti tirẹ̀, ó tún ṣí i, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó ń wò ó bí ẹni tó mú ejò.

Ìgbà náà ni ariwo sọ. Ọlágúnjú ń pariwo pé sabotéè ni mí, pé mo ti fi ọjà gbogbo ìlú hàn fún olè. Mo dá a lóhùn, gbogbo ara mi ni mo sì fi dá a lóhùn: "Ọjà wo? Ẹ wò ó! Yàrá wo ni ọjà wà? Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti sọ fún ọ nínú ọ́fíìsì rẹ! Mo kúnlẹ̀ fún ọ! O ní kí n dákẹ́, ọjà wọn wà ńbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà látìmọ́lé, ìwọ ń fọ mọ́tò!" Mi ò pè é ní "ẹ" mọ́. Kò sí ẹni tó bá mi wí.

Safouratou ló bọ́ síwájú. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó di gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó yọ àgádágodo ara ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo pe ọkùnrin yẹn lólè. Èmi ni wọ́n jí ní nǹkan, èmi ni mo sì máa lọ sọ fún ọlọ́pàá pé mi ò mọ olè mi." Ó gbé bàsíà kọ́kọ́rọ́ lérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Gbogbo wa tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá mú kọ́kọ́rọ́ láti inú bàsíà, ó ṣí àgádágodo Safouratou. Ó mú òmíràn, ó ṣí i. Ó mú òmíràn sí i. Ó wá bi wá pé ta ló ra irú nǹkan báyìí. Àwa obìnrin dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àbámẹ́ta, 6

Wọn kò gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Kútọnù mọ́, wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án. Wọn kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ẹni tó kó aṣọ Safouratou. Báwo ni a ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ àgádágodo pupa lè jẹ́ ẹ. Oníkálukú ti lọ ra àgádágodo tirẹ̀, ńlá, kékeré, dúdú, onípẹtà. Mo ti gbé ti bàbá mi padà. Ọlágúnjú kò sí nílé. Wọ́n ní ó tún ti lọ sí sẹmínẹ́à.

Àìkú, 7

Mo se ìrẹsì àti ẹja fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń jẹun wéréwéré. Ó béèrè ohun tí mo ṣe sí ọjà àwọn obìnrin kí n tó tú àṣírí. Mo sọ ti eku fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi há a lọ́nà ọ̀fun, mo ń lù ú lẹ́yìn. Nígbà tó mí délẹ̀, ó ní, "O gbọ́n jù mí. Èmi ò rí ọ̀nà kankan."

Mo ní, "Ọ̀nà kí ni?"

Ó wá sọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ, Adjaratou sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ẹ̀gbọ́n mi sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá tó ń gbé àtùpà iṣẹ́ rẹ̀ sí gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́. Ó ṣí. Adjaratou rò pé àgádágodo ti bàjẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú òmíràn nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, ó sì lọ sọ fún Ọlágúnjú lọ́jọ́ kejì. Ọlágúnjú ní bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, ọlọ́dẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú.

Oṣù Kẹjọ! Áńkáṣíìfù tó fi nu ojú níwájú mi! "Ta ni ìbá rò ó?" Ó ti mọ̀! Ó mọ̀ lálẹ́ Àbámẹ́ta tó sọ pé àgádágodo ni yóò ṣọ́ màgásìn!

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí kò sọ fún èmi. Kí ló dé tí kò sọ fún ọlọ́pàá. Mo ń pariwo, Kẹ́mi ọmọ mi jáde wá wò wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tí mo bá sọ ọ́, èmi lolè nìyẹn. Tí wọ́n bá sì gbà mí gbọ́, olè tòótọ́ á gbọ́. Ọjà yín wà níbẹ̀, Honorine. Mo ń rìn yí ilé yẹn ká láti oṣù Kẹjọ, mi ò jókòó."

Mo gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ mi lè ṣe. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì rí ìrẹsì lára, ó ń wò mí. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta.

Mo gbé abọ́ náà padà. Mo mú ẹja tèmi kún un.